Ojú Lọ̀rọ̀ Wà

Aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ ni ìpàdé òbí àti olùkọ́ máa ń bẹ̀rẹ̀ níléèwé wa. Màmá mi ń ta ata lọ́jà nígbà yẹn, bàbá mi sì ti wa ọkọ̀ ẹrù lọ sí Kano. Olùkọ́ kan sọ pé wọn kò bìkítà fún mi. Irọ́ ni!

Nígbà tí àrùn Kòrónà ti iléèwé pa ní 2020, ọ̀pọ̀ olùkọ́ fi WhatsApp fún wa níṣẹ́ ṣe. Kí ló dé tí wọn kò lè fi pe òbí, kí wọ́n jọ máa rí ara wọn?

Àwọn kan ní dátà wọ́n, fóònù sì ń ba ọmọ jẹ́. Ọwọ́ olùkọ́ ni fóònù yóò wà, kì í ṣe ọwọ́ wa. Dátà ìṣẹ́jú mẹ́wàá kò tó owó ọkọ̀ màmá mi, ká má tíì sọ ọjà tí wọn kò ní rí tà. Òbí tí fóònù rẹ̀ kò gbé àwòrán, ẹ bá a sọ̀rọ̀ lórí èyí tó ní.

Ní táàmù tó kọjá, mo fi èsì ìdánwò mi pamọ́; kò sẹ́ni tó mọ̀. Bí màmá mi bá ń wo ojú olùkọ́ àti ojú mi pọ̀, ibo ni n ó fi irọ́ sí? Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè wọ́n.