Ogbè-Yẹ̀kú Kì í Ṣe Ọ̀yẹ̀kú-Logbè: Ọ̀rọ̀ lórí Bí Ọmọ Ìṣẹ̀ṣe Ṣe Ń Kọ Ọjọ́



Kò sí ọmọ awo, bí ó ti wù kí ó kéré tó, tí kò mọ̀ pé ọwọ́ ọ̀tún ni a ti ń ka Odù. Bí Ogbè bá wà lọ́tùn-ún tí Ọ̀yẹ̀kú wà lósì, Ogbè-Yẹ̀kú ni. Bí wọ́n bá pààrọ̀ ipò, ó di Ọ̀yẹ̀kú-Logbè. Ẹsẹ̀ yàtọ̀, ẹbọ yàtọ̀. Síbẹ̀, àwọn tí ó mọ èyí dájú ni wọ́n ń kọ 03/06 sórí ìwé ìpè ọdún Ifá, tí wọ́n sì rò pé gbogbo ayé yóò kà á bákan náà.

Ẹ jẹ́ kí a wo 10/01. Ní Orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń kọ ọjọ́ bí àwọn Faransé ti ń kọ ọ́, ọjọ́ 10 oṣù kìíní ni, ọjọ́ tí òfin ilẹ̀ wọn yà sọ́tọ̀ tẹ́lẹ̀ fún ẹ̀sìn ìbílẹ̀, tí èrò fi máa ń wọ́ lọ sí Ouidah. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí oṣù ti ń ṣíwájú ọjọ́, ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ni, àyájọ́ òmìnira Nàìjíríà. Ohun tí ó wà láàárín méjèèjì lé ní oṣù mẹ́jọ. Àwọn olórìṣà ń ti Amẹ́ríkà wọ ọkọ̀ òfuurufú wá bá wa ṣe ọdún. Ẹni tí ó bá ka ìwé ìpè bí wọ́n ti kọ́ ọ nílé-ìwé kò jẹ̀bi. Ẹni tí ó kọ ọ́ ni kí a bi.

Àwọn kan ní kí a kúkú gba ti Amẹ́ríkà. Gírámà èdè wa kọ̀ ọ́. Nínú èdè Yorùbá, ọ̀rọ̀ orúkọ ni ó ń ṣíwájú, ohun tí ó ń yán an ni ó ń tẹ̀ lé e: ilé Àjàyí, etí aṣọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọjọ́ kẹta oṣù kẹfà ọdún 2025: ọjọ́ inú oṣù, oṣù inú ọdún. Ní Ṣáínà àti Japan, ohun tí ó ń yán ọ̀rọ̀ orúkọ ni ó ń ṣíwájú, ó sì bá èdè wọn mu pé ọdún ni wọ́n kọ́kọ́ ń kọ, kí oṣù tẹ̀ lé e, kí ọjọ́ kẹ́yìn. Ètò bẹ́ẹ̀ ni ìlànà ISO 8601 ti ọdún 1988 mú, ó sì dára fún kọ̀ǹpútà, nítorí pé àwọn fáìlì yóò máa tò tẹ̀ lé ara wọn. N kò bá kọ̀ǹpútà jà. Ṣùgbọ́n a kì í fi orúkọ fáìlì ké pe Òrìṣà.

Àbùkù tí ó tóbi jù lọ kò tilẹ̀ sí nínú ètò nọ́ńbà. Ohun tí ó dùn mí ni pé ọjọ́ tiwa kò sí níbẹ̀ rárá. Ọjọ́ mẹ́rin ni ọ̀sẹ̀ wa: Ọjọ́ Awo, Ọjọ́ Ògún, Ọjọ́ Jàkúta, Ọjọ́ Ọbàtálá. A máa ń ka ọjọ́ tí a ti bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn. Ìdí nìyí tí ọjà tí ó ń padà wá lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin fi ń jẹ́ ọjà ọrọọrún, tí ìpàdé awo tí ó ń padà wá lẹ́yìn ọjọ́ 16 sì ń jẹ́ ìtàdógún. Ọjọ́ 365 jẹ́ ọ̀sẹ̀ 91 àti ọjọ́ kan. Nítorí náà, bí ọjọ́ 20 oṣù kẹjọ, tí a fi ṣe Ọjọ́ Ìṣẹ̀ṣe, bá bọ́ sí Ọjọ́ Awo lọ́dún kan, Ọjọ́ Ògún ni yóò bọ́ sí lọ́dún kejì. Bí oṣù kejì ọlọ́jọ́ 29 bá wà láàárín, yóò fo ọjọ́ méjì. 20/08 kò lè sọ èyí fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ rántí ọdún 2023. Ọjọ́ Àìkú ni ọjọ́ 20 oṣù kẹjọ bọ́ sí, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó sì fúnni ní ìsinmi ní Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 21. Ìsinmi náà tọ́ sí wa. Ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ni ó béèrè ohun tí ọjọ́ náà jẹ́ nínú ọ̀sẹ̀ Òrìṣà? Ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ méje ni ó darí ọdún Ìṣẹ̀ṣe.

Àwọn mìíràn kò fi tiwọn sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn Akan ní Gánà so ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ mẹ́fà mọ́ ọlọ́jọ́ méje, ó ń yípo ní ọjọ́ 42, òun ni wọ́n sì fi ń mọ Akwasidae ní Kumasi títí di òní. Àwọn ará Java ń tẹ ọjọ́ ọjà wọn márààrún mọ́ ọjọ́ méje lórí kàlẹ́ńdà. Tiwa, mẹ́rin lọ́nà méje, ọjọ́ 28 ni. Ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè ṣe ìṣirò yìí bí a bá kọ́ ọ.

Àwọn kan yóò ní ọdún tiwa ni kí a kọ́kọ́ kọ, wọn a sì lẹ ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá àti ẹ̀lé mọ́ ìdí ọjọ́. N kò bá wọn jiyàn lórí iye ọdún lónìí. Ṣùgbọ́n ibi pẹlẹbẹ ni a ti ń mú ọ̀ọ̀lẹ̀ jẹ. Ẹni tí ó ń ka ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ọdún, ó yẹ kí ó lè sọ ọjọ́ tí òní jẹ́.

Ní Ìdèrè níbí àti káàkiri Ìbàràpá, àwọn àgbà tí ó mọ ọjọ́ Òrìṣà láìwo fóònù ṣì wà, ṣùgbọ́n wọn kò ní wà títí láé. Òǹkà ọjọ́ mẹ́rin kò ní ohun tí a lè fi ojú rí lójú ọ̀run bí òṣùpá. Bí ó bá já ní ìlú kan, àfi kí ìlú náà lọ bi ìlú mìíràn léèrè. Bí gbogbo wọn bá gbàgbé ńkọ́?

Ohun tí mo ń fẹ́ kò ná wa ní kọ́bọ̀. Lórí ìwé ìpè, ìwé ìkọ́mọjáde àti àkọsílẹ̀ ìpàdé, kí a kọ orúkọ ọjọ́ Òrìṣà ṣíwájú, kí orúkọ ọjọ́ méje tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà nọ́ńbà ọjọ́, orúkọ oṣù ní lẹ́tà, kí ọdún kẹ́yìn. Ọ̀kan yóò máa ṣọ́ èkejì. Láti ọjọ́ 6 oṣù kẹta dé ọjọ́ 3 oṣù kẹfà jẹ́ ọjọ́ 89, ọ̀sẹ̀ wa 22 àti ọjọ́ kan. Bí ọ̀kan bá jẹ́ Ọjọ́ Awo, èkejì yóò jẹ́ Ọjọ́ Ògún. Ẹni tí ó bá ṣi 03/06 kà yóò rí àṣìṣe náà kí ó tó sanwó ọkọ̀.

Ọjọ́ a dá kì í pẹ́. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ọjọ́ tí a dá.