Ojú Àwọ̀n: Ta Ló Ní Yorùbá Kò Lè Gbé Sáyẹ́ǹsì?

Wọ́n tún ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní Yorùbá dára fún oríkì àti òwe, ṣùgbọ́n kò lè gbé ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. Irọ́ ni! Ẹ jẹ́ kí a fi ohun tó le dán an wò.

Ẹ wo ẹ̀kọ tútù inú ewé. Omi ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, síbẹ̀ kò ṣàn. Ìdí ni pé àwọn okùn tíntìntín inú ògì ti so kọ́ra bí àwọ̀n, wọ́n sì há omi mọ́ àárín. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ni jẹ́ẹ̀lì. Àwọn okùn náà ni pọ́límà.

Nínú ọ̀pọ̀ jẹ́ẹ̀lì, àwọ̀n yìí kì í dọ́gba. Ojú rẹ̀ fẹ̀ níhìn-ín, ó há lọ́hùn-ún. Okùn mìíràn kò rí ibi so mọ́. Ibòmíràn di kókó bí àmàlà tí a kò rò dáadáa. Bí a bá fà á, ibi tí kò dọ́gba ni yóò ti ya.

Ní ọdún 2008, Takamasa Sakai àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Tokyo gbé Tetra-PEG jáde. Wọ́n mú pọ́límà oríṣi méjì, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní apá mẹ́rin tó gùn dọ́gba. Èkínní kì í di irú ara rẹ̀ mú, àfi èkejì. Bẹ́ẹ̀ náà ni èkejì. Wọ́n pò wọ́n pọ̀ nínú omi ní ìwọ̀n kan náà, wọ́n sì so pọ̀ létòlétò. Àwọ̀n tí ojú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba délẹ̀ ni wọ́n rí. Bí a bá tẹ̀ ẹ́, agbára rẹ̀ kò jìnnà sí ti eegun rírọ̀ inú oríkèé wa.

Èwo ni Yorùbá kò lè sọ níbẹ̀? Amime ni àwọn ará Japan ń pe irú àwọ̀n yìí. Ami ni àwọ̀n, me ni ojú: ojú àwọ̀n gan-an! Ọ̀rọ̀ apẹja ni wọ́n fi ń ṣe sáyẹ́ǹsì. Wọ́n yá jẹ́ẹ̀lì lò, wọ́n pè é ní geru, ojú kò sì tì wọ́n.

Àwa tí a ní ọ̀rọ̀ kan náà là ń sọ pé èdè wa kò tó. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà fagi lé ìlànà ọdún 2022 tó ní kí a fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tó há ìtumọ̀ jẹ́ẹ̀lì sórí ní Gẹ̀ẹ́sì lè yege ìdánwò. Èyí tó mọ ohun tó há omi mọ́ inú ẹ̀kọ ni yóò béèrè bí a ṣe lè hun àwọ̀n tó dára jù.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ mú ohun kan nínú iṣẹ́ yín lónìí, kí ẹ ṣàlàyé rẹ̀ fún ìyá yín ní Yorùbá. Bí kò bá yé wọn, ẹ má tíì dá èdè lẹ́bi. Ó lè jẹ́ pé kò yé ẹ̀yin náà.