Kọ̀ǹpútà Tójú Rẹ̀ Mọ́ Tónítóní: Ẹ Dán An Wò Kí Ẹ Tó Gbà Á

Ní oṣù kẹrin ọdún 2011, àwọn tó ń ṣe GNOME, ọ̀kan nínú àwọn ojú iṣẹ́ tí àwọn tó ń lo Linux (ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, bíi Windows) máa ń rí lórí kọ̀ǹpútà wọn, gbé ẹ̀yà kẹta rẹ̀ jáde. Wọ́n ti gbá ojú rẹ̀ mọ́. Bọ́tìnì tí a fi ń gbé fèrèsé iṣẹ́ pamọ́ sísàlẹ̀ kò sí níbẹ̀ mọ́. Orúkọ àwọn iṣẹ́ tó ṣí sílẹ̀, tó máa ń tò sísàlẹ̀, lọ bákan náà. Èyí tó yani lẹ́nu jù nígbà náà ni ti pípa kọ̀ǹpútà: ẹni tó bá wá a kiri, ibi tí a ti ń mú kọ̀ǹpútà sùn nìkan ló máa rí. Àfi kó tẹ Alt mọ́lẹ̀ kí ti pípa tó yọjú. Ta ló fẹ́ sọ fún un?

Linus Torvalds tó dá Linux sílẹ̀ pàápàá fi ẹ̀hónú hàn ní gbangba lọ́dún náà, ó sì kó lọ sórí Xfce, ojú iṣẹ́ mìíràn. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Microsoft náà yọ bọ́tìnì Start, tó ti wà láti ọdún 1995, kúrò nínú Windows 8. Ariwo sọ. Wọ́n dá bọ́tìnì náà padà lọ́dún 2013, wọ́n sì dá àkójọ inú rẹ̀ padà nínú Windows 10 lọ́dún 2015.

Èmi ò sọ pé ojú tó mọ́ kò dára o. Lórí kọ̀ǹpútà kékeré, ó ń fi àyè sílẹ̀ fún iṣẹ́. Ẹni tó bá sì ti mọ̀ pé òun kàn lè tẹ bọ́tìnì tó ní àmì Windows, kí òun kọ lẹ́tà méjì nínú orúkọ ohun tí òun ń wá, ó lè yára ju ẹni tó ń fi máòsì wá a lọ. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n kó kúrò lójú kò pòórá: inú orí ẹni tó ń lò ó ni wọ́n kó o sí. Ẹni tó ń lò ó lójoojúmọ́ á rántí. Bàbá tó ń ṣí i lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ńkọ́?

Ọ̀rọ̀ yìí kan ọ̀pọ̀ ènìyàn nísinsìnyí, nítorí pé Microsoft dáwọ́ ìtọ́jú Windows 10 dúró ní October 14, 2025, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà àtijọ́ kò lè gba Windows 11. Wọ́n á ní kí ẹ lọ sórí Linux. Ìmọ̀ràn gidi ni, ṣùgbọ́n ẹ má tìtorí ẹwà yan èyí tí ẹ máa fi síbẹ̀. Ubuntu, ọ̀kan nínú àwọn oríṣi Linux, ń lo GNOME, àmọ́ àwọn tó ń ṣe é ti to àwòrán àwọn iṣẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì padà. Linux Mint, oríṣi mìíràn, ń lo ojú iṣẹ́ Cinnamon, tó jọ Windows àtijọ́.

Ẹ gbé èyí tí ẹ bá yàn sórí flash, kí ẹ fi flash náà tan kọ̀ǹpútà láìtíì fi Linux sínú rẹ̀, kí ẹ wá pe ẹni tó máa lò ó gan-an. Ẹ ní kó kọ lẹ́tà, kó tẹ̀ ẹ́ jáde, kó ṣí fáìlì kejì, kó máa lọ kó máa bọ̀ láàárín méjèèjì, kó sì pa kọ̀ǹpútà. Ẹ panu mọ́. Bó bá ń bi yín léèrè ní gbogbo ìgbà, ẹ wá òmíràn fún un. Bó bá sì jẹ́ pé bọ́tìnì tó sọnù nìkan ló dà á láàmú, ẹ fi Tweaks, ohun èlò tí a fi ń tún ojú GNOME ṣe, dá a padà kí ẹ tó gbé kọ̀ǹpútà náà fún un.