Ọjọ́ Kò Tíì Lọ

Nínú àwọn òṣìṣẹ́ tí ń jáde ní Mowe àti Ibafo, lágbègbè Redemption Camp, kí ilẹ̀ tó mọ́, tí wọ́n ń gba ọ̀nà márosẹ̀ lọ sí Èkó, kò ṣàìsí ẹni tí ó ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ yunifásítì rí, tí àìlówó tàbí ikú bàbá sì dá a dúró lójú ọ̀nà. Bí wọ́n bá rán an létí, yóò ní ọjọ́ ti lọ.

Kí ó gbọ́ ìtàn ilé-ẹ̀kọ́ kan. Ní 1983 ni òfin dá Yunifásítì Gbangba ti Nàìjíríà, NOUN, sílẹ̀. Ní 1984 ni ìjọba ológun Buhari tì í. Ọdún 17 kọjá kí Ààrẹ Ọbásanjọ́ tó tún un ṣí ní 2001. Òun fúnra rẹ̀ ṣe akẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀. Ó ti pé ẹni 80 ọdún nígbà tí ó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní 2018. Ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀sìn Kirisitẹni ni ó kà, ṣùgbọ́n ìforítì kò mọ ẹ̀sìn. Lóòótọ́, ààrẹ àná kì í du àyè nínú ọkọ̀ ní ìdájí.

Ní Oṣù Kejìlá 2018, Buhari kan náà, tí ó ti di ààrẹ alágbádá, buwọ́ lu àtúnṣe òfin tí ó la ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́ àwọn agbẹjọ́rò àti iṣẹ́ àgùnbánirọ̀ fún àwọn tí ó gboyè níbẹ̀.

Ohun tí òfin kò lè tún ṣe ni ilé. Aya tí ó ti Èkó dé ní agogo mẹ́sàn-án alẹ́, tí ó sì tún gbọ́dọ̀ dáná, ìgbà wo ni yóò ṣí ìwé? Kí ọkọ rẹ̀ gbé ìkòkò kaná.