Lẹ́tà Gbangba sí Gómìnà Ìpínlẹ̀ Oǹdó Lórí Ìkọ́ṣẹ́ Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Nínú Ìtọ́jú Ohun Ìṣẹ̀ǹbáyé

Sí Ọlọ́lájùlọ Lucky Orimisan Aiyedatiwa, Gómìnà Ìpínlẹ̀ Oǹdó, ní Àkúrẹ́.

Ohun kan ṣoṣo ni lẹ́tà yìí ń béèrè lọ́wọ́ Gómìnà: kí ìjọba Ìpínlẹ̀ Oǹdó dá àyè ìkọ́ṣẹ́ tó ní owó oṣù nínú sílẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé ẹ̀kọ́ gíga Àkúrẹ́ àti ti ìlú Oǹdó, kí wọ́n lè fi oṣù mẹ́fà kọ́ iṣẹ́ ìtọ́jú ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Àkúrẹ́ àti èyí tó wà ní Ọ̀wọ̀, kí wọ́n sì kọ́ ọ nínú ààfin Déjì ti Àkúrẹ́ àti ààfin Ọ̀sẹmàwé ti Oǹdó pẹ̀lú, bí àwọn orí adé méjèèjì bá fọwọ́ sí i. Iṣẹ́ ìtọ́jú tí à ń sọ yìí yàtọ̀ sí iṣẹ́ àtúnṣe. Ẹni tó ń tún nǹkan ṣe ń fẹ́ kó dà bíi tuntun, ṣùgbọ́n ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ ń fẹ́ kí ìbàjẹ́ dúró níbi tó dé, kí ọjọ́ orí nǹkan náà má sì pa rẹ́ lára rẹ̀.

Ìpínlẹ̀ tí Gómìnà ń ṣàkóso kì í ṣe ìpínlẹ̀ tí nǹkan àtijọ́ wọ́n. Ní ọdún 1965 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Thurstan Shaw àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ hú egungun èèyàn kan jáde ní Ihò Eléérú, tí kò jìnnà sí Àkúrẹ́, èyí tí àwọn onímọ̀ fojú bù pé ó ti lo nǹkan bí 13,000 ọdún nínú ilẹ̀, tí kò sì sí egungun èèyàn tí a tíì rí ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tó dàgbà jù ú lọ. Ní Ọ̀wọ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ekpo Eyo hú àwọn ère amọ̀ jáde ní ọdún 1971, ìyẹn ère tí a fi amọ̀ mọ tí a sì fi iná sun, tí àyẹ̀wò fi hàn pé wọ́n ti wà láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún. Ààfin àtijọ́ ti Déjì, tí ó ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ àgbàlá tí àwọn ará Àkúrẹ́ ń pè ní ua, tí ua kọ̀ọ̀kan sì ní iṣẹ́ tí a yà á sọ́tọ̀ fún, di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní ọdún 1990.

Ìbàjẹ́ àwọn nǹkan báyìí kì í pariwo, ìdí nìyẹn tí ìjọba kì í fi tètè rí i. Ní ìgbà òjò, afẹ́fẹ́ Àkúrẹ́ àti ti Oǹdó máa ń kún fún ọ̀rinrin, igi á fa omi mu, á sì wú. Nígbà tí ọyẹ́ bá dé, omi náà á gbẹ kúrò lára rẹ̀ lójijì, igi á sún kì, á sì sán. Ikán a máa jẹ òpó láti inú wá síta, ó sì lè jẹ́ pé ara òpó náà ṣì ń dán nígbà tí inú rẹ̀ ti di ihò. Idẹ tí iyọ̀ ti wọ̀ lára, yálà láti inú ilẹ̀ tí a ti hú u tàbí láti inú òógùn ọwọ́ àwọn tó ń gbé e, á máa yọ ìyẹ̀fun tó ní àwọ̀ ewé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí ọ̀rinrin bá kàn án, àìsàn sì ni àwọn onímọ̀ ń pe èyí, nítorí pé bí a kò bá tètè gbé idẹ náà lọ sí ibi gbígbẹ, ìyẹ̀fun náà á jẹ ojú ère, á jẹ ìlà ara rẹ̀, títí a kò fi ní mọ ẹni tí wọ́n fi ère náà ṣe mọ́. Lára adé, òwú tí a fi sín ìlẹ̀kẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ jẹrà, ìlẹ̀kẹ̀ tí kò ní àbùkù kankan á sì bẹ̀rẹ̀ sí í já sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Èyí tó dunni jù lọ ni ìbàjẹ́ tí ìfẹ́ fúnra rẹ̀ ń fà. Nígbà tí ọdún ìbílẹ̀ bá kù sí dẹ̀dẹ̀, àwọn èèyàn rere tí wọ́n fẹ́ kí ààfin gún régé a máa kun òpó gbígbẹ́ pẹ̀lú ọ̀dà tó ń dán, ọ̀dà yẹn á sì dí ojú ọ̀bẹ tí agbẹ́gilére fi parí iṣẹ́ rẹ̀, á tún sé ọ̀rinrin mọ́ inú igi. Wọ́n a máa fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti eérú bọ idẹ títí á fi máa kọ mọ̀nà, láìmọ̀ pé omi kíkan inú ọsàn ń bó díẹ̀díẹ̀ kúrò lára idẹ náà ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá bọ ọ́. Kò sí ẹni tó yẹ kí a dá lẹ́bi níbẹ̀, nítorí kò sí ẹni tí a rán sí wọn láti ṣàlàyé.

Akẹ́kọ̀ọ́ tó wà lẹ́nu ìkọ́ṣẹ́ ni a lè rán. Iṣẹ́ rẹ̀ àkọ́kọ́ ni ìwé ipò, ìyẹn àkọsílẹ̀ tó ń sọ bí nǹkan kan ṣe rí ní ọjọ́ tí a yẹ̀ ẹ́ wò: bó ṣe gùn tó, ibi tó ti sán, ibi tí kòkòrò ti dá lu, pẹ̀lú àwòrán iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀. Láìsí ìwé yìí, ẹnikẹ́ni kò lè mọ̀ lọ́dún márùn-ún òní bóyá ìbàjẹ́ ń pọ̀ sí i, bí olè bá sì gbé nǹkan náà lọ, kò ní sí ẹ̀rí tí a lè mú lọ síwájú ilé ẹjọ́ nílẹ̀ òkèèrè. Lẹ́yìn èyí ni yóò kọ́ bí a ṣe ń fi bùrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbọn eruku, bí a ṣe ń wọn ọ̀rinrin inú yàrá, bí a ṣe ń gbé ère kúrò lára ògiri tútù, àti bí a ṣe ń di aṣọ tí kòkòrò wọ̀ sínú ọ̀rá kí a tó gbé e sínú fírísà, kí òtútù lè pa kòkòrò náà láìlo oògùn kankan. Púpọ̀ nínú iṣẹ́ wọ̀nyí kò gba ẹ̀rọ olówó ńlá, sùúrù àti ọwọ́ tó mọ́ ni wọ́n gbà.

Àwọn tí yóò ṣe é sì ti wà nílẹ̀. Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ ti Ìjọba Àpapọ̀ ní Àkúrẹ́, tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí FUTA, ti ń kọ́ni láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. Ẹni tó ń kọ́ nípa igi níbẹ̀ ti mọ ikán, ẹni tó ń kọ́ nípa irin ti mọ bí idẹ ṣe ń jẹrà, àwọn tó ń kọ́ nípa ilé yíyà sì mọ ohun tí omi ń ṣe sí ògiri amọ̀. Ní ìlú Oǹdó, Yunifásítì Adéyẹmí, tí ó jẹ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ní ẹ̀ka iṣẹ́ ọnà, níbi tí ọwọ́ àti ojú ti ń gba ìdálẹ́kọ̀ọ́ tí ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì nìkan kò lè fúnni. Iṣẹ́ ìtọ́jú nílò àwọn méjèèjì lójú kan náà.

Ìlànà tí yóò gbé wọn dé ibẹ̀ náà kì í ṣe tuntun. Láti nǹkan bí ọdún 1973 ni àjọ ITF, tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní ọdún 1971, ti gbé ètò SIWES kalẹ̀, èyí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè ní I.T., tó ń rán ọmọ yunifásítì lọ síbi iṣẹ́ fún oṣù mẹ́fà. Ṣùgbọ́n ọmọ tí kò ní owó ọkọ̀ àti owó oúnjẹ yóò lọ síbi tí wọ́n ti lè fún un ní nǹkan, kò sì yẹ kí a bá a wí. Owó oṣù díẹ̀ láti ọwọ́ ìpínlẹ̀ ni yóò yí èyí padà.

Àwọn kan lè sọ pé ti ìjọba àpapọ̀ ni ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, pé kò kan Gómìnà. Òótọ́ ni ìdajì rẹ̀. Òfin Orílẹ̀-èdè ti ọdún 1999 fi ọ̀rọ̀ ohun àtijọ́ àti ohun ìrántí sínú àwọn ohun tí ìjọba àpapọ̀ àti ti ìpínlẹ̀ jọ ní àṣẹ lé lórí: ìyọ̀ǹda ìpínlẹ̀ ni a fi ń sọ nǹkan di ti orílẹ̀-èdè, èyí tí a kò bá sì sọ di ti orílẹ̀-èdè, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ìpínlẹ̀ lágbára láti ṣòfin lé e lórí. Púpọ̀ nínú ohun tó wà nínú ààfin Oǹdó àti nínú ilé àwọn ìjòyè, títí kan ti Lóbùn, ọba obìnrin ìlú náà, wà lábẹ́ agbára yìí. Níbẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ kò ní jẹ́ olùkọ́ nìkan. Àwọn nǹkan ààfin ṣì ń ṣiṣẹ́. Wọ́n ń jáde lọ́jọ́ ọdún, wọ́n sì ní èèwọ̀. Emèsè, ìyẹn àwọn ìránṣẹ́ ààfin, àti àwọn àgbà obìnrin tó mọ ẹni tó lè fọwọ́ kàn wọ́n, àti ìgbà tí a lè ṣí wọn, ni yóò kọ́kọ́ kọ́ ọ bí a ṣe ń bọ̀wọ̀ fún wọn. Ohun tí wọ́n bá sọ pé kí a má yà ní àwòrán, kí a má yà á.

Nàìjíríà ti ṣe irú èyí rí. Ní ọdún 1963 ni UNESCO ran ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Jos lọ́wọ́ láti dá ibi ìdálẹ́kọ̀ọ́ sílẹ̀, tí àwọn òṣìṣẹ́ láti orílẹ̀-èdè Áfíríkà mìíràn sì ń wá kọ́ṣẹ́ níbẹ̀. Láti ọdún 1998 ni ilé ẹ̀kọ́ irú rẹ̀ ti wà ní Àjàṣẹ́, ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà tún ti di kánjúkánjú báyìí, nítorí pé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tí wọ́n kó lọ sí òkèèrè ti ń padà bọ̀: ní oṣù Kẹfà ọdún 2025, orílẹ̀-èdè Netherlands dá iṣẹ́ ọnà Bìní 119 padà fún Nàìjíríà. Eyín erin gbígbẹ́ ti Ọ̀wọ̀ wà nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé òkèèrè lónìí pẹ̀lú. Bí ìpínlẹ̀ yìí bá fẹ́ béèrè fún wọn, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí wọn yóò bi í ni ẹni tí yóò tọ́jú wọn.

Nítorí náà, a ń bẹ Gómìnà kí ó pàṣẹ fún Ilé Iṣẹ́ Àṣà àti Ìrìn-àjò Afẹ́ láti bá àjọ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè àti yunifásítì méjèèjì tọwọ́ bọ̀wé, kí wọ́n kọ́kọ́ gba akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́fà, mẹ́ta láti Àkúrẹ́, mẹ́ta láti Oǹdó, kí owó oṣù wọn sì wọ inú ìṣúná ọdún tó ń bọ̀.