Kí Àsọyé Láti Òkèèrè Má Baà Di Asọ̀rọ̀mágbèsì

Ní 1935 ni ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí pín ohùn rédíò láti inú wáyà sí ilé àwọn ènìyàn ní Èkó. Ní 1939, ó dé Ìbàdàn. Àpótí kékeré kan ni. Ohun tí wọ́n bá sọ níbẹ̀ ni onílé yóò gbọ́, kò sì sí ọ̀nà tí ó lè gbà dá a lóhùn. Kò pẹ́ tí àwọn Yorùbá fi fún un ní orúkọ: asọ̀rọ̀mágbèsì. Orúkọ náà kò ṣe àpèjúwe wáyà, bẹ́ẹ̀ ni kò ṣe àpèjúwe àpótí. Àléébù ẹ̀rọ náà gan-an ni ó dì mú.

Lónìí, ẹ̀rọ tí ó lè gba èsì ti dé. Láti 2020, nígbà tí àrùn COVID-19 sé àwọn ènìyàn mọ́lé, ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ àwọn tí ń kọ ètò kọ̀ǹpútà ti fi àsọyé láti òkèèrè kún ìpàdé ojúkojú wọn. Olùsọ̀rọ̀ lè wà ní Èkó tàbí ní Lọ́ńdọ̀nù, kí àwọn olùgbọ́ rẹ̀ wà ní Àkúrẹ́, ní Ìbàdàn tàbí ní Ìlọrin, kí ohùn àti àwòrán sì máa lọ, kí ó máa bọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Síbẹ̀, bí olùsọ̀rọ̀ bá parí, tí ó béèrè bóyá ẹnikẹ́ni ní ìbéèrè, ìdákẹ́rọ́rọ́ ni ó sábà máa ń tẹ̀ lé e. Olùsọ̀rọ̀ a rò pé ọ̀rọ̀ òun ti yé wọn yékéyéké. Olùṣètò a di ẹ̀bi náà ru nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Lóòótọ́ ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń ṣe ségesège, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun nìkan ni ó ń di ènìyàn lẹ́nu. Olùgbọ́ kò ní ọ̀rọ̀ tí yóò fi béèrè ohun tí kò yé e.

Atosin, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìdànrè, wà lára irú ibi tí ọ̀ràn yìí kàn jù lọ. Ilẹ̀ kòkó ni ilẹ̀ Ìdànrè. Bí kò bá sí àsọyé láti òkèèrè, ọ̀dọ́ tí ó wà níbẹ̀, tí ó ń fẹ́ bá ẹgbẹ́ kọ́ ìmọ̀ yìí, yóò ní láti wọ ọkọ̀ lọ sí ìlú bí Àkúrẹ́, níbi tí ìjọba àpapọ̀ dá yunifásítì ìmọ̀-ẹ̀rọ sílẹ̀ sí ní 1981. Fóònù ọwọ́ rẹ̀ lè gba owó ọkọ̀ yìí sílẹ̀ fún un. Ṣùgbọ́n bí olùsọ̀rọ̀ ti ń sọ̀rọ̀ ni owó dátà ń jó lọ. Ìdí nìyí tí irú olùgbọ́ bẹ́ẹ̀ fi máa ń pa àwòrán, tí yóò máa fi etí nìkan gbọ́ ọ. Nígbà tí ojú kò bá sì rí, gbogbo ẹrù ìtumọ̀ di ti etí.

Bí olùsọ̀rọ̀ bá fi Gẹ̀ẹ́sì ṣàlàyé bí kọ̀ǹpútà ti ń tún iṣẹ́ kan náà ṣe títí ohun kan yóò fi ṣẹ, ọ̀dọ́ yìí lè gbọ́ ọ títí kí ó má mọ ibi tí yóò ti dì í mú. Ṣùgbọ́n ọmọ olóko kòkó mọ̀ pé bí wọ́n bá sá kòkó sóòrùn, wọn a máa yí i padà, wọn a sì máa yẹ̀ ẹ́ wò. Níwọ̀n ìgbà tí kò bá tíì gbẹ, wọn yóò tún un yí. Bí ó bá ti gbẹ, wọn yóò dáwọ́ dúró, wọn yóò rọ ọ́ sínú àpò. Àyípo nìyẹn, gbígbẹ kòkó ni ó sì ń dá a dúró. Bí wọ́n bá sọ èyí fún un, ìbéèrè kò ní pẹ́ jáde lẹ́nu rẹ̀: bí òjò bá ń rọ̀ lójoojúmọ́, tí kòkó kò gbẹ, ṣé kọ̀ǹpútà yóò máa yí i lọ láéláé ni? Olùkọ́ tí ó bá gbọ́ ìbéèrè yìí yóò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti wọlé, nítorí pé àṣìṣe tí àwọn tí ń kọ ètò sábà máa ń ṣe ni ọmọ náà tọ́ka sí yẹn.

Irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí àwọn tí ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀-ìperí fi ṣe òṣùwọ̀n. Títí di ìsinsìnyí, lójú ìwé ni wọ́n ti sábà ń dán ọ̀rọ̀ wò: ǹjẹ́ ó bá òfin ìṣẹ̀dá-ọ̀rọ̀ mu, ǹjẹ́ ó kó ìtumọ̀ já? Ìwé èdè-ìperí Yorùbá tí NERDC tẹ apá kejì rẹ̀ jáde ní 1990, tí Ọládélé Awóbùlúyì jẹ́ olóòtú rẹ̀, ṣe iṣẹ́ ribiribi fún ìmọ̀ èdè, lítíréṣọ̀ àti ìlànà ìkọ́ni. Ṣùgbọ́n yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ tí ó ní pátákó ìkọ̀wé ni irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ń lọ. Ọ̀rọ̀ tí olùgbọ́ kò lè fi ẹnu ara rẹ̀ gbé padà fún olùsọ̀rọ̀, ọ̀ṣọ́ orí ìwé lásán ni. Orúkọ tí ó dùn mọ́ etí ni “ayára-bí-àṣá”, ó sì yẹ ẹ̀rọ náà. Síbẹ̀, bí ìbéèrè bá gbóná lẹ́nu ènìyàn, “kọ̀ǹpútà” ni yóò pè é.

Àpẹẹrẹ kan tí ó yẹ fún àyẹ̀wò ni Yorlang, èdè ìkọ-ètò tí Anuoluwapo Karounwi gbé jáde, tí ó fi ọ̀rọ̀ Yorùbá rọ́pò ọ̀rọ̀ àṣẹ ti Gẹ̀ẹ́sì. Ó lo “sọpé” fún àṣẹ tí ń mú kí kọ̀ǹpútà gbé ọ̀rọ̀ jáde. Bí ọmọdé bá gbọ́ ọ, yóò yé e. Ó lo “iṣẹ́” fún ìdìpọ̀ àṣẹ tí wọ́n sọ lórúkọ, kí wọ́n lè máa pè é nígbàkúùgbà. Lójú ìwé, kò sí àbùkù níbẹ̀. Lórí fóònù tí ohùn rẹ̀ ń já, “pe iṣẹ́” àti “pe ìṣẹ́” kò jìnnà síra, kò sì sí ẹni tí yóò fẹ́ kí olùkọ́ máa rọ òun láti pe ìṣẹ́ ní ìgbà mẹ́wàá láàárín wákàtí kan. “Iṣẹ́-àpè” ìbá sàn jù.

Àwọn àyàn ti mọ ìṣòro yìí tipẹ́. Dùndún ń gbé ohùn òkè, ti àárín àti ti ìsàlẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè gbé kọ́nsónáǹtì. Nítorí náà, àyàn kì í sábà fi orúkọ sílẹ̀ ní òun nìkan. A fi oríkì gùn ún, kí ẹni tí ń gbọ́ lókèèrè lè mọ ẹni tí wọ́n ń kì. Irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ ni àsọyé láti òkèèrè ń fẹ́: kí ọ̀rọ̀-ìperí kọ́kọ́ jáde pẹ̀lú oríkì rẹ̀, ìyẹn ni àlàyé gígùn, bí etí bá ti mọ̀ ọ́n, kí ó wá máa dá rìn. Ìwé-ìperí tí ó bá to ọ̀rọ̀ sílẹ̀ láìsí oríkì ti di gbogbo iṣẹ́ yìí ru olùsọ̀rọ̀.

Yorùbá sì ní ìbéèrè tirẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì kì í sábà bí. Bí olùsọ̀rọ̀ bá ní kí kọ̀ǹpútà ka iye lẹ́tà tí ó wà nínú “ọ̀gẹ̀dẹ̀”, ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ yóò ní 5 ni. Kọ̀ǹpútà lè ní 8 ni, ó sì lè ní 11 ni. Ìdí ni pé nínú ìlànà Unicode, kò sí nọ́ńbà kan ṣoṣo tí ó dúró fún ọ̀ tàbí fún ẹ̀: àmì ohùn ń gba nọ́ńbà tirẹ̀, àmì ìsàlẹ̀ náà sì lè gba tirẹ̀. Ẹni tí ó jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni ètò rẹ̀ ń kà lè ṣiṣẹ́ pẹ́ kí ó tó pàdé ọ̀ràn yìí. Ẹni tí ó bá fẹ́ to orúkọ àwọn àgbẹ̀ Ìdànrè lẹ́sẹẹsẹ yóò pàdé rẹ̀ lọ́jọ́ kìn-ín-ní. Ṣé kí wọ́n pe 5 yẹn ní lẹ́tà, kí wọ́n sì pe 8 ní àmì? Ìgbìmọ̀ tí ó jókòó sí yàrá kan kò lè dá èyí yanjú.

Àwọn kan yóò ní Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn agbanisíṣẹ́ ń béèrè, pé nínú Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀pọ̀ èdè ìkọ-ètò ti mú ọ̀rọ̀ wọn. Òótọ́ ni, kò sì sí ẹni tí ó ní kí ọ̀dọ́ Atosin má kọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1970, Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì, tí olùkọ́ àkànṣe sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀rọ̀ ti ìjọba ni kò dúró sójú kan: ní 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ni ní ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́, ní oṣù kọkànlá 2025, lẹ́yìn ìpàdé ìgbìmọ̀ àpapọ̀ lórí ètò ẹ̀kọ́ tí ó wáyé ní Àkúrẹ́ gan-an, ó pa ìlànà náà rẹ́. Ilé-ìwé ni ìpinnu yẹn dè. Ẹgbẹ́ tí kò gba owó ìjọba, tí kì í sì í ṣe ìdánwò, lè yan èdè tí ó bá wù ú ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé.

Kí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ fi Yorùbá ṣe ọ̀kan nínú àwọn àsọyé rẹ̀, kí wọ́n sì yan ẹnì kan tí yóò máa kọ ìbéèrè sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ó ti jáde lẹ́nu olùgbọ́, ìbáà jẹ́ ní ẹ̀ka-èdè Ìdànrè tàbí ti Èkìtì. Kí àkọsílẹ̀ náà máa dé ọ̀dọ̀ àwọn onímọ̀ èdè ní yunifásítì. Nígbà náà, kí ìwé-ìperí ní òpó mẹ́ta: ọ̀rọ̀, oríkì rẹ̀, àti ìbéèrè tí olùgbọ́ kọ́kọ́ fi í ṣe. Bí òpó kẹta bá ṣófo, kí wọ́n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí ẹnì kan yóò fi béèrè.