Kí A Ya Igun Kí A Tó Kọ́ Tábìlì Sórí

Ọ̀rọ̀ kan ń bẹ lọ́kàn wa tí ó tọ́ kí a bá ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ wa àti ẹ̀yin olùkọ́ wa ọ̀wọ́n sọ, kí a tó jáde lọ dán iṣẹ́ olùkọ́ wò. Ọ̀nà tí a fi ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ gírámà ní sáìnì, kósáìnì àti tánjẹ́ntì igun 30, 45 àti 60 kò tẹ́ wa lọ́rùn. Olùkọ́ a wọlé, a kọ tábìlì sí ojú pátákó, a sì ní kí wọ́n kọ́ ọ sórí di ọjọ́ kejì. Àwọn ọmọ a sì máa pè é bí ẹni ń pe orúkọ àwọn ọba Ísírẹ́lì, láìmọ ibi tí nọ́mbà kan ti wá.

Bẹ́ẹ̀ ni àwọn igun náà wà nínú agolo ohun èlò ìṣirò wọn. Set-square méjì ni ó wà níbẹ̀: ọ̀kan ní igun 45 méjì, èkejì ní 30 àti 60, àwọn méjèèjì sì ní igun 90. Ìlà ni ọ̀pọ̀ ọmọ ń fi wọ́n fà, bí wọn kò bá tíì kán.

Kí olùkọ́ ní kí wọ́n ya onígun mẹ́ta tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dọ́gba, kí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan jẹ́ 2. Igun rẹ̀ kọ̀ọ̀kan yóò jẹ́ 60. Kí wọ́n fa ìlà láti ṣóńṣó orí rẹ̀ wá sí àárín ìdí rẹ̀: igun orí pín sí méjì, ó di 30, ìdí náà pín, ó di 1. Òfin Pythagoras, tí wọ́n ti kọ́ ṣáájú, ni yóò sọ fún wọn pé ìlà tí wọ́n fà jẹ́ √3, nítorí bí a bá yọ 1 kúrò nínú 4, 3 ni yóò kù. Nígbà náà ni kí wọ́n wo igun 30: ẹ̀gbẹ́ tí ó kọjú sí i jẹ́ 1, ẹ̀gbẹ́ tí ó gùn jùlọ jẹ́ 2, sáìnì rẹ̀ sì jẹ́ ½. Kí wọ́n yíjú sí igun 60 nínú àwòrán kan náà, √3/2 ni tirẹ̀. Ti 45 tilẹ̀ rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ: onígun mẹ́rin ọlọ́gbọọgba tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ 1, tí a là láti igun dé igun. Ìlà tí ó là á jẹ́ √2, tánjẹ́ntì 45 sì jẹ́ 1.

Ọmọ tí ó kọ́ tábìlì sórí lásán a máa rò pé bí sáìnì 30 bá jẹ́ ½, ti 60 yóò jẹ́ ìlọ́po méjì rẹ̀. Ẹ fi àkàsọ̀ tí ó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 10 ti ògiri, kí ó bá ilẹ̀ ṣe igun 30. Ẹsẹ̀ bàtà 5 ni orí rẹ̀ yóò dé. Bí ẹ bá gbé e di igun 60, ṣé yóò dé ẹsẹ̀ bàtà 10? Àfi bí ó bá dúró ṣánṣán, igun rẹ̀ a sì ti di 90. Ibi tí yóò dé lé díẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 8½.

Àwọn kan nínú wa ń wí pé iṣẹ́ sáà pọ̀, ìdánwò sì ń bọ̀. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìbẹ̀rù bá mú ọmọ gbàgbé bóyá igun 30 ni ó ni √3/2 tàbí 60, níbo ni yóò yíjú sí? Ìdánwò WAEC a máa sọ nígbà mìíràn pé kí a má ṣe lo ìwé tábìlì tàbí ẹ̀rọ ìṣirò. Ẹni tí ó lè ya àwòrán yóò yà á sí etí ìwé rẹ̀, kò ní ju ìṣẹ́jú méjì lọ.

Ptolemy pàápàá, tí ó ṣe tábìlì tirẹ̀ ní Alexandria ti Íjíbítì ní ọ̀rúndún kejì lẹ́yìn ikú Olúwa wa, láti ara onígun mẹ́rin àti onígun mẹ́fà tí a yà sínú òbírí ni ó ti bẹ̀rẹ̀. A kò sọ pé kí a ju tábìlì nù. Kí ó dúró di ọjọ́ kẹta, kí ó sì jẹ́ pé àwọn ọmọ ni yóò máa pe nọ́mbà rẹ̀ fún olùkọ́ tí ó di ṣọ́ọ̀kì mú.